Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Gbóná Jù: Ìbéèrè Tí Àwọn Ará Ìkòròdú Ń Bi Mí àti Èsì Wọn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ láptọ́ọ̀pù ni mò ń ṣe ní Sábó níbí, títún un ṣe o, mi ò kì í tà. Látìgbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń kọ sí WhatsApp mi, "ẹnjiníà, ó ń gbóná." Mo wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan kí n lè máa fi ránṣẹ́, kí ọ̀fun mi náà sinmi. Ẹ wá èyí tó bá tiyín mu, ẹ ò ní láti ka gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fo ti eruku o.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé gbígbóná tèmi ti kọjá bó ṣe yẹ?

Gbogbo láptọ́ọ̀pù ló ń gbóná, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Iná tó ń wọ inú ẹ̀, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fura sí ni tí fáànù bá ń ké hùùù láìsinmi nígbà tó jẹ́ pé Word lásán lẹ ṣí, tàbí tó bá yá dáadáa nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án àmọ́ tó di pé ó ń wọ́ lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, tàbí tó kàn kú fin láàárín iṣẹ́ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń kú fin yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà òun fúnra ẹ̀ ló pa ara ẹ̀ kó má bàa jóná.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí iye ẹ̀ gangan, ẹ dáńlóòdù Core Temp tàbí HWMonitor, wọ́n máa ń fi iye ooru processor (ọpọlọ láptọ́ọ̀pù) hàn, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Tó bá wà láàárín díígírì 40 sí 55 (Celsius) nígbà tẹ́ ò ṣe nǹkan kan, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá ń lọ sí 70 tàbí 85 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ gidi, kò burú. Àmọ́ tó bá gun 95 tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí i, torí ọ̀pọ̀ processor Intel, 100 ni òpin ẹ̀, tó bá ti ń sún mọ́ ọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré ara ẹ̀ kù. Ìyẹn ló fi ń wọ́. Àwọn kan á ní RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí) ló kéré, wọ́n á lọ ra RAM, RAM ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù, 35 díígírì ni wọ́n kọ pé kí ooru inú yàrá tẹ́ ẹ ti ń lò ó má kọjá. Ẹ wá wo yàrá onípáànù tí kò ní sílíìnì ní Ìgbógbó, aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù kẹta, kò síná, fáànù òkè ò yí. Láptọ́ọ̀pù yẹn ò tíì ṣe nǹkan kan tó ti ń làágùn.

Kí ló ń fà á gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ooru ṣe ń rìn nínú ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti mọ ọ̀nà tó ń gbà, kò sẹ́ni tó máa lè gba owó yín lórí irọ́. Processor ló ń mú ooru wá. Orí ẹ̀ ni wọ́n fi thermal paste sí, nǹkan rírọ̀ kan báyìí tó funfun tàbí tó láwọ̀ eérú, orí paste yẹn ni bàbà pẹlẹbẹ wà, ara bàbà yẹn ni wọ́n sì so páìpù mọ́. Omi díẹ̀ ló wà nínú páìpù yẹn o, wọ́n ti dí i pa látibi tí wọ́n ti ṣe é, á hó níbi tó gbóná, á sáré gba inú páìpù lọ síbi tó tutù, á tún padà di omi, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe lọ tẹ́ ẹ bá ṣáà ti tan láptọ́ọ̀pù. Ìparí páìpù ni àwọn irin tín-ín-rín wà tí wọ́n tò tira wọn gbágbágbá, fáànù á fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn, ooru á bá ihò ẹ̀gbẹ́ jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí náà tí ooru ò bá jáde, ó ti há síbì kan lójú ọ̀nà yẹn ni. Bóyá paste ti gbẹ, bóyá fáànù ò yí dáadáa, bóyá eruku ti dí àwọn irin tín-ín-rín yẹn, tàbí kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi nǹkan bo ihò tó ń gbà mí. Iṣẹ́ tó pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ náà ń fà á, ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo ń ṣí lórí tábìlì mi, eruku ló ń ṣáájú, paste ló ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán. Ọmọ LASUSTECH ni mí, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń ṣe project mi torí kò sí tábìlì nínú hostel. Ṣé ìyẹn ló fà á?

Àbúrò, ó lè jẹ́ òun. Yí láptọ́ọ̀pù ẹ dojú bolẹ̀, wàá rí àwọn ihò wínníwínní nídìí ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Tó o bá gbé e lé fóòmù, fóòmù á rì, bẹ́ẹ̀díṣíìtì á lẹ̀ mọ́ ihò yẹn, fáànù á wá máa yí lórí asán. Wá plywood pẹlẹbẹ kan, kápẹ́ńtà èyíkéyìí á gé àjákù fún ẹ, ó tiẹ̀ lè má gbowó. Tírè oúnjẹ tó le náà dáa. Orí rọ́ọ̀gì ò dáa, orí itan náà ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, ooru yẹn á sì jó ẹ.

Èyí tẹ́ ẹ̀yin ọmọ hostel tún ń ṣe, tẹ́ ẹ máa gbé fíìmù sí dáńlóòdù mọ́jú, tẹ́ ẹ máa fi ìrọ̀rí bo láptọ́ọ̀pù kí iná ẹ̀ má bàa jí rúùmeètì, ẹ fi í sílẹ̀. Dín bíráítínẹ́ẹ̀sì kù tàbí kó o pa ojú ẹ̀ nìkan, fi í sórí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣé kí n ra cooling pad?

Kì í ṣe òun ni mo máa kọ́kọ́ rà. Cooling pad, pátákó onífáànù tí wọ́n ń gbé sábẹ́ láptọ́ọ̀pù, ń fẹ́ atẹ́gùn láti ìta, tí eruku bá ti dí inú, ibo ni atẹ́gùn yẹn fẹ́ gbà? Ẹ á rí i pé ìdí ẹ̀ tutù lọ́wọ́ yín ṣùgbọ́n processor ṣì wà ní 95. Tẹ́ ẹ bá ti fọ inú ẹ̀ tí ó sì ṣì ń gbóná torí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe lágbára, ìgbà yẹn ẹ lè rà á, á fi díígírì mélòó kan dín in kù.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wá ìdérí ìgò méjì, ẹ fi sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù méjèèjì kó lè ga díẹ̀. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ wo iye tí Core Temp máa kọ. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ eruku yìí, báwo ló ṣe burú tó, ṣé mo lè fọ̀ ọ́ fúnra mi?

Ó burú. Ẹ mọ títì wa, ẹ mọ iye ibi tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, bí ọkọ̀ bá kọjá lẹ́ẹ̀kan ẹ ò ní rí ẹni tó wà níwájú yín. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí títì, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì tàbí Káfẹ̀, láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ń jẹ eruku láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ fi ti ọyẹ́ kún un, ẹ fi èéfín jẹnẹrétọ̀ kún un. Ti àwọn tó ń lò ó nítòsí ibi ìdáná ló tún le jù, òróró inú afẹ́fẹ́ á mú kí eruku yẹn lẹ̀ típẹ́típẹ́, búrọ́ọ̀ṣì lásán ò ní lè kó o.

Nígbà tí mo bá tú fáànù kúrò, ibi tí fáànù ti pàdé àwọn irin tín-ín-rín yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Eruku á ti dì níbẹ̀ bí òwú inú ìrọ̀rí àtijọ́, ó fẹ̀ tó fáànù lódindi, màá fi ọwọ́ méjì ṣí i kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, á jáde láìfọ́. Irun orí máa ń wà nínú ẹ̀, owú aṣọ, lọ́jọ́ míì ìyẹ́ adìẹ. Mo máa ń fi han oní-nǹkan torí wọn kì í gbà á gbọ́ tí wọn ò bá rí i.

Ohun tí mo fi ń ṣàlàyé ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá kàn dúró síta tẹ́ ẹ ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò, òwú yẹn ò ní jáde. Ó fẹ̀ ju ihò lọ. Ẹ kàn ń tì í síwá sẹ́yìn ni. Ó lè dáa fún ọ̀sẹ̀ kan kó tún padà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ wá fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣí irú tiyín gan-an, orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ wà nídìí láptọ́ọ̀pù. Ẹ pa á pátápátá, kì í ṣe sleep, ẹ yọ ṣájà. Ẹ tú ìdí ẹ̀, ẹ sì rọra tò àwọn síkúrúù sórí ìwé bẹ́ ẹ ṣe tú wọn, torí gígùn wọn kì í dọ́gba, èyí tó gùn tẹ́ ẹ bá fi síbi tó kúrú á lu bọ́ọ̀dù (pátákó tí wọ́n to ẹ̀rọ inú ẹ̀ sí) tàbí kíbọ́ọ̀dù. Ohun àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá ṣí ni kẹ́ ẹ yọ wáyà bátìrì. Ẹ fọwọ́ kan irin tó fìdí wọ inú ilẹ̀ kí iná ara yín kúrò. Ẹ tú fáànù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ nù ún, ẹ kó òwú yẹn. Tẹ́ ẹ bá máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ fi igi tíìnrín kan há abẹ́ fáànù kó má lè yí, ẹ fẹ́ ẹ ní díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti tó fún ẹni tó ń lò ó nínú ilé. Oní-ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì, lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fẹ́ ẹ fún mi, ṣé kò sí wàhálà?

Ah. Ẹ jọ̀ọ́. Taya ni afẹ́fẹ́ yẹn wà fún. Ó lágbára jù, á mú fáànù yẹn sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, kò ní pẹ́ tí bíárìnì ẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń yí, á fi bàjẹ́. Ó tún kù, inú táǹkì kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa ń ní omi àti òróró, gbogbo ẹ̀ ló ń fẹ́ jáde pọ̀ sórí bọ́ọ̀dù yín. Ẹnu náà ò dáa, itọ́ wà níbẹ̀. Fákúùmù tí wọ́n fi ń gbá ilé náà ò dáa tó bá kan bọ́ọ̀dù, ó máa ń mú iná wínníwínní wá tó lè pa nǹkan.

Kí ni thermal paste yìí, mo sì rí ẹnì kan lórí YouTube tó ń fi toothpaste ṣe é?

Paste yẹn ló ń dí gbogbo àlàfo kéékèèké tó wà láàárín processor àti bàbà, torí bó ti wù kí wọ́n dán tó wọn kì í pàdé tán, afẹ́fẹ́ tó bá sì wà láàárín wọn kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún á máa gbẹ. Tí mo bá ṣí láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́, paste inú ẹ̀ ti gan, èékánná ni mo fi ń họ ọ́, á máa já bọ́ ní pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́. Èyí tó bá ti dé bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ṣíwọ́.

Ọ̀rọ̀ toothpaste yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ fún fídíò ni. Omi wà nínú ẹ̀, ooru processor á gbẹ omi yẹn láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀yin á wá kù pẹ̀lú nǹkan líle tó burú ju ti tẹ́lẹ̀. Vaseline ń kọ́? Á yọ́, á ṣàn sórí bọ́ọ̀dù. Ẹ fi ìpara sára yín jàre.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ fi isopropyl alcohol (ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan) tó tó 90% sókè àti aṣọ tí kì í ya owú nu ti àtijọ́ kúrò títí ojú processor á fi máa dán. Ẹ fi paste tuntun tó tó hóró ìrẹsì kan sí àárín, ti ojú processor tó bá fẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ gbé bàbà lé e tààrà, ẹ de àwọn síkúrúù ẹ̀ ní bí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn ṣe tò, 1, 2, 3, 4, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá fún wọn pa. Àpọ̀jù paste ò mú kó tutù sí i, ìdọ̀tí ló ń dà. Ẹ fi liquid metal sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa, iná ń gba ara ẹ̀ kọjá, ó sì ń jẹ aluminium run.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ ṣọ́ra, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Èyí tó bá ti pín sí méjì tí òróró ẹ̀ ti dá dúró nínú síríńjì, ẹ dá a padà.

Fáànù mi ń dún gàràgàrà. Ti ọ̀rẹ́ mi kì í dún rárá. Èwo ló burú?

Tó ń dún gàràgàrà, bíárìnì ẹ̀ ti ń lọ, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan ń kan ọwọ́ ẹ̀. Ẹ má bu òróró kankan sí i o, kì í ṣe òróró ẹ̀pà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bu sí máṣíìnì aránṣọ. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Fáànù ò wọ́n tó bọ́ọ̀dù. Ẹ mú èyí tó kú dání lọ sọ́jà, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ ni wọ́n fi ń rà á, "ti HP" nìkan ò tó, oríṣi HP pọ̀ nílẹ̀.

Ti ọ̀rẹ́ yín tí kì í dún, ẹ fọwọ́ sí ẹnu ihò ẹ̀ nígbà tó bá ń gbóná. Tẹ́ ò bá gbọ́ atẹ́gùn kankan, fáànù ti kú nìyẹn, kó má lò ó mọ́ títí á fi tún un ṣe. Àwọn kan á tiẹ̀ kọ "Fan error" sójú ẹ nígbà tẹ́ ẹ bá tàn án. Àfi tó bá jẹ́ MacBook Air láti M1 ti 2020 lọ sókè, ìyẹn ò ní fáànù látilẹ̀wá, ara ẹ̀ ló fi ń tú ooru jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun máa tún fáànù ẹ̀ ṣe.

Ohun kan tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú: tí atẹ́gùn tó ń jáde bá lágbára tó sì gbóná, ìyẹn dáa, ooru ń jáde ni. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí ara láptọ́ọ̀pù máa jóni lọ́wọ́, kí atẹ́gùn ẹnu ihò wá rọ̀.

Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti fi paste sí i, ó ṣì ń gbóná nígbà tí mi ò ṣe nǹkan kan.

Nǹkan kan ń ṣe nǹkan kan. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á jáde, ẹ tẹ orí CPU (processor náà nìyẹn) kó to àwọn tó ń jẹun jù sókè. Tó bá jẹ́ Windows Update tàbí antivirus ló wà lókè, ẹ ní sùúrù fún un, ẹ jẹ́ kó parí, ẹ má máa pa á láàárín torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án ló máa tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ Chrome, ẹ ka iye tábù tẹ́ ẹ ṣí, kí Ọlọ́run ṣàánú.

Tẹ́ ẹ bá wá rí orúkọ kan tẹ́ ò mọ̀ rí tó ń jẹ ìlàjì CPU láti àárọ̀ títí alẹ́, mo máa bi yín pé níbo lẹ ti gba crack (èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa sanwó) Photoshop tàbí crack gẹ́ẹ̀mù yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kó nǹkan tó ń wa owó kírípítò fún ẹlòmíì sínú ẹ̀, láptọ́ọ̀pù yín, iná yín, owó ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ fi Windows Defender ṣe full scan, tí kò bá lọ, ẹ kó fáìlì yín kẹ́ ẹ fi Windows tuntun sí i.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, ẹ tẹ Change plan settings, lẹ́yìn náà Change advanced power settings, ẹ wá Processor power management, Maximum processor state, ẹ yí 100 sí 99. Ẹyọ kan péré tẹ́ ẹ yọ yẹn ò ní jẹ́ kí processor wọ Turbo Boost, ìyẹn eré àsápajúdé tó máa ń sá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lára àwọn tó ń lo Word, Excel àti íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan yí, ṣùgbọ́n ooru á já wálẹ̀ dáadáa. Àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kan ò ní í fi ibẹ̀ hàn, ti wọn, ẹ lọ sí Settings, ẹ gbé Power mode sí Best power efficiency.

Ẹnjiníà, ọmọ mi fi ń gbá gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù, ó ń gbóná gan-an, ṣé kí n dá a dúró?

Mọ̀mí, ẹ má dá a dúró, gẹ́ẹ̀mù gbọ́dọ̀ gbóná. Ẹ ní kó wọ inú settings gẹ́ẹ̀mù náà, kó fi òpin sí frame rate (iye àwòrán tó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kó gbé e sí 60 tàbí 30, kó sì dín graphics kù. Kó gbé e sórí tábìlì níwájú fáànù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé fídíò ìgbéyàwó: iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa export, ẹ fi í di òru, afẹ́fẹ́ ti tutù nígbà yẹn.

Tí nẹ́pà bá mú iná wá ló máa ń gbóná jù, ṣé iná wọn ò dáa ni?

Kì í sábà jẹ́ iná. Tẹ́ ẹ bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, láptọ́ọ̀pù á lo gbogbo agbára ẹ̀, bátìrì náà á tún máa gba iná lẹ́ẹ̀kan náà, ooru méjì pàdé. Ọ̀pọ̀ ṣájà, ẹ wo ara ẹ̀, wọ́n kọ 100-240V síbẹ̀, ìyẹn ni pé iná tó lọ sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ da láptọ́ọ̀pù láàmú, ṣájà nìkan lá gbóná díẹ̀. Ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó wọlé pẹ̀lú agbára, ìyẹn lẹ́rù wà níbẹ̀. Ẹ yọ ṣájà tí iná bá lọ, tó bá dé ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń fà sókè fà sílẹ̀ náà nìyẹn, ẹ fi sítébúláísà sí i tàbí kẹ́ ẹ lo ínfátà.

Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin wà lẹ́yìn ilé wa níbí o, ẹ̀rọ mẹ́fà, 1,320 megawatt tí gbogbo ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, a ṣì ń fi ọwọ́ fẹ́ láptọ́ọ̀pù. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ṣájà ayédèrú ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Tí ti láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ 65W, tí wọ́n bá fún yín ní 45W tí ẹnu ẹ̀ ṣáà wọlé, ṣájà yẹn á máa gbóná kọjá àlà, láptọ́ọ̀pù á sì máa wọ́. Kí fólítéèjì dọ́gba, kí wáàtì tó tàbí kó jù.

Touchpad mi ti ń wú sókè, kò fẹ́ tẹ̀ mọ́.

Ẹ dá iṣẹ́ dúró. Bátìrì ló wú. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ má tẹ ibẹ̀ wọlé, ẹ má gún un kí gáàsì inú ẹ̀ lè jáde bí àwọn kan ṣe máa ń sọ, lithium ni, iná ló máa gbà. Ẹ gbé e wá kí wọ́n yọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá yọ, ẹ má jù ú sí àkìtàn tí wọ́n ń dáná sun. Ooru máa ń mú kí bátìrì tètè wú, bẹ́ẹ̀ náà ni kó máa wà ní 100% lórí iná lójoojúmọ́, tí láptọ́ọ̀pù yín bá láàyè pé kó dúró ní 80%, ẹ tàn án.

Ṣé mo lè gbé e sínú fíríìjì díẹ̀?

Rárá. Tó bá jáde, ìrì á sẹ̀ sí gbogbo inú ẹ̀. Aṣọ tútù náà rárá.

Mo pa á dé, mo fi sínú báàgì, nígbà tí mo fi máa dé Máìlì 12 báàgì ti gbóná.

Sleep lẹ fi sí. Àwọn láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí, wọ́n máa ń jí fúnra wọn láti wá update, nínú báàgì tí kò sí afẹ́fẹ́, nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ẹ ṣe Shut down kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì dúró kí iná ara ẹ̀ kú kẹ́ ẹ tó fi sí báàgì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ojú omi láti Ẹ̀bútè, ti yín náà nìyẹn, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e, àmọ́ ẹ tú náílọ́ọ̀nù kúrò kẹ́ ẹ tó tàn án, mo ti rí i tí wọ́n tàn án nínú ẹ̀.

Mo fẹ́ ra tokunbọ̀, kí ni mo máa wò?

Ẹ má gbà kí wọ́n kàn tàn án fún yín ní ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú méjì kò tó láti mọ bó ṣe ń gbóná. Yálà Computer Village ní Ìkẹjà lẹ lọ tàbí ìtòsí gáráàjì níbí, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wo fídíò YouTube tó mọ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi owó dátà yín ṣe é tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí ẹnu ihò, ẹ gbóòórùn ibẹ̀, òórùn nǹkan tó jóná kì í fara sin. Ẹ fi iná fóònù tàn sínú ihò yẹn kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí àárín àwọn irin tín-ín-rín, tó bá jẹ́ eruku nìkan lẹ rí, ẹ ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wo orí síkúrúù ìdí ẹ̀, tí wọ́n bá ti jẹ orí ẹ̀, ọwọ́ pọ̀ tó ti ṣí i. Òǹtajà tó bá ń bínú pé ẹ pẹ́ jù, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹnjiníà tó fẹ́ tún un ṣe ò fẹ́ rẹ́ mi jẹ?

Ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì í. Fífọ̀ àti paste, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kò gbà ju wákàtí kan lọ, kò sídìí tó fi máa sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ ní kó fi iye díígírì hàn yín kó tó ṣí i, kó tún fi hàn yín lẹ́yìn tó bá dé e tán, lórí iṣẹ́ kan náà. Tó bá ní bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́ kó tó ṣí i rárá, ẹ gba nǹkan yín. Tó bá pààrọ̀ fáànù, ẹ gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ò ní fẹ́ kí n sọ èyí.

Ó gbóná, ó kú, kò tàn mọ́. Ṣé ó ti tán nìyẹn?

Ẹ má tíì sunkún. Ẹ yọ ṣájà, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tutù. Ẹ wá di bọ́tìnì tó ń tàn án mú fún ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n láìsí ṣájà, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ tún tàn án. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dìde níbẹ̀, èyí tó bá dìde, ẹ má padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbé e lọ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Tí kò bá dìde, ó ṣeé ṣe kó kan bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ẹni tó mọ bọ́ọ̀dù nìyẹn, owó ẹ̀ sì yàtọ̀. Àmọ́ fáìlì yín ò sí nínú bọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, inú SSD tàbí hard disk, ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí, ló wà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé iná lé bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ ní kó kọ́kọ́ yọ SSD yẹn, kó so ó mọ́ ẹ̀rọ míì, kó kó project yín àti fọ́tò yín jáde. Tí Windows bá ti fi BitLocker (àgádágodo fáìlì ẹ̀) tì í, recovery key ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i, sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín, ẹ wọ ibẹ̀ lórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.